Alvah Ruckman Láàrin Ẹgbẹ́ Méjì

Láyé ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wendover ní Ohio ṣì ń wọ kọ́là líle lọ sí kíláàsì, tí ẹṣin pọ̀ ju mọ́tò lọ ní ìgboro, kò sí ọmọkùnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn níbẹ̀ tó ti Alvah Ruckman. Bọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n ń gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Nígbà tí igi bá ń wọ́wé, wọn a gbá bọ́ọ̀lù àgbésáyà, èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì rí ṣóńṣó, tí èèyàn á gbá mọ́ àyà, á sì forí sọ àárín ọ̀tá bí àgbò. Ẹni tó bá ṣubú, á ru èèyàn mẹ́rin márùn-ún sẹ́yìn. Nígbà tí yìnyín bá ti yọ́, tí koríko tún ń hù, ó di bọ́ọ̀lù onígi: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi lù ú, á sì ki eré mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kì í sábà mọ tọ̀hún. Ní ti Alvah, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó mọ̀ jù. Ó lè dúró lọ́nà jíjìn kó ta bọ́ọ̀lù ṣóńṣó gba àárín òpó méjì. Tó bá sì di ìgbà igi, bọ́ọ̀lù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ lásán lẹni tó mú igi máa ń lù.

Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti Nebraska, ibi tó jẹ́ pé èèyàn á sùn nínú ọkọ̀ ojú irin kó tó débẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ó lè jí láàárọ̀ kó má sọ ju “òjò ń bọ̀” lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Alvah kò lówó ọkọ̀ tí yóò máa fi lọ sílé nígbà ìsinmi. Yàrá abẹ́ òrùlé ló ń gbé nílé Ìyáàfin Doak, opó kan tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé. Alvah ń gbé oúnjẹ fún àwọn ayálégbé yòókù, ó ń fọ abọ́ wọn, ìyẹn ló fi ń rí tirẹ̀ jẹ.

Ẹ wá wo ọ̀ràn yìí. Lórí pápá, gbogbo ẹnu ló ń pariwo orúkọ rẹ̀. Tí eré bá parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbá a léjìká, wọ́n á ní “Ruckman, o gbayì!”, wọ́n á ṣí fìlà fún un, wọ́n á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé níbo lo forí lé. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yẹn, ọ̀wọ̀ ni kéèyàn má tọpinpin ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Tí o bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé ohun gbogbo ń lọ dáadáa fún ọ. Ọ̀wọ̀ náà le débi pé ebi lè pa èèyàn kú sínú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ níbi ìsìnkú pé ọmọlúàbí tí kì í da ẹnikẹ́ni láàmú ni.

Alvah fúnra rẹ̀ kò sàn jù wọ́n lọ. Níbi tó ti wá, èèyàn kì í yọjú sílé onílé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìmúra, níbi tí àwọn eléré ti ń pààrọ̀ aṣọ, á máa so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀, bóyá ẹnì kan á ní “máa bọ̀”. Ẹgbẹ́ àgbésáyà á jáde tariwo-tariwo. Nígbà tí àkókò bọ́ọ̀lù onígi bá dé, ẹgbẹ́ onígi náà á jáde bákan náà. Tí ilé bá ti dá, á dìde, á lọ fọ abọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló rò pé ó lè tún ọ̀ràn náà ṣe. Ní Wendover, àwọn eléré ló ń yan olórí ẹgbẹ́ wọn fúnra wọn, ní ìparí eré ọdún, fún ọdún tó ń bọ̀. Olórí kì í ṣe olórí lórí pápá nìkan. Yàrá olórí ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń ya sí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n á jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, wọ́n á fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ẹní rẹ̀, wọ́n á jẹ bísíkíìtì rẹ̀ tán, wọ́n á sì máa jiyàn títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ìrọ̀lẹ́ á fi lù. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n. Àṣà ni. Ìyẹn gan-an ni Alvah ń fẹ́, oyè kọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn òun, kó má sì jẹ́ pé ẹni tó kan ilẹ̀kùn ṣi yàrá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kẹta rẹ̀, wọ́n bá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Marlow, ọ̀tá wọn àtayébáyé, gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù àgbésáyà. Òjò ti sọ pápá di àbàtà. Eré ń parí lọ, kò tíì sí ẹgbẹ́ tó jẹ àmì kankan. Lyle Prentiss ló ń pín bọ́ọ̀lù fún Wendover, ọmọ lọ́yà kan láti ìlú tó múlé gbè wọ́n, aláriwo, ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tí kì í dá wà. Ó yíjú sí Alvah.

“Ruckman, ṣé ẹsẹ̀ ẹ ṣì wà lára ẹ?”

“Ọ̀kan ṣì kù.”

“Ṣé èyí tó dáa ló kù?”

“Gbé bọ́ọ̀lù wá ná, ká jọ wò ó.”

Alvah ta á. Bọ́ọ̀lù náà ti mu omi yó, ó lọ bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, àmọ́ ó gba àárín òpó kọjá. Wọ́n gbé e léjìká yí pápá ká, ẹrẹ̀ ń ro tótó lára gbogbo wọn. Lórí èjìká wọn níbẹ̀, Alvah sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ipò olórí ti bọ́ sí òun lọ́wọ́ lónìí.

Nínú ilé ìmúra, Kóòṣì, olùkọ́ eré wọn, na fìlà, kálukú ju ìwé sínú rẹ̀. Orúkọ Prentiss ni Alvah kọ, nítorí ọmọlúàbí kì í kọ orúkọ ara rẹ̀. Kóòṣì kà wọ́n tán, ó gbójú sókè, ó ní Prentiss ni. Ilé mì tìtì. Alvah náà pariwo, ó tilẹ̀ pariwo ju àwọn mìíràn lọ. Prentiss wò ó lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, àwọn yòókù sì wọ́ ọ lọ. Alvah jókòó síbẹ̀, ó ń yọ ẹrẹ̀ kúrò ní bàtà rẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni àwọn èèyàn yìí rí lára òun tí òun kò rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọjọ́ Ìdúpẹ́ dé, ọjọ́ tí ẹni tó bá nílé ń lọ sílé lọ jẹ tòlótòló. Kọ́lẹ́ẹ̀jì dá páropáro. Ìyáàfin Doak lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó fi ẹran sísè tó ti tutù àti páì elégédé sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Alvah kọ́kọ́ jókòó sí ìdí tábìlì gígùn tó máa ń gbé oúnjẹ sí fún àwọn ẹlòmíràn. Kò lè jẹun níbẹ̀. Ó gbé àwo rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ó jẹ ẹ́ lóòró, ó sì sunkún. Ọkùnrin tí wọ́n gbé léjìká láìpẹ́ yìí, ó sunkún títí ó fi gbé ṣíbí sílẹ̀.

Bọ́ọ̀lù onígi ló kù tó gbójú lé. Nígbà tí ìgbà rẹ̀ dé, Alvah ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n dá nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń bá a mú bọ́ọ̀lù, tó ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, ni Hobart Tansey, ọmọ kúkúrú, ẹlẹ́nu bí abẹ. Gbogbo ìka Tansey ti wọ́ nítorí bọ́ọ̀lù tó ń fi ọwọ́ hán.

“Ruckman, rọra máa jù ú, mo bẹ̀ ọ́. Ọwọ́ yìí ni mo máa fi gbéyàwó.”

“Kí ló ṣe é?”

“Òrùka ò ní lè wọlé mọ́. Wo ìka yìí, ó ti dà bí ata ilẹ̀!”

“Wá ìyàwó tí kò nífẹ̀ẹ́ òrùka.”

“Irú ẹ̀ ò sí láyé. Tó bá wà, kò ní fẹ́ mi.”

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, Alvah náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Wọ́n na gbogbo ẹni tó bá wọn díje, wọ́n na àwọn ọmọ Marlow níwájú àwọn òbí wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké ìgboro ń tẹ̀ lé Alvah lójú pópó, wọ́n ń ṣe bó ṣe ń ju ọwọ́. Ó dá a lójú pé lọ́tẹ̀ yìí, òun ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ó lọ bá Ìyáàfin Doak nídìí sítóòfù.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè yá àga díẹ̀?”

“Àga kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi ṣe ní yàrá eku yẹn?”

“Bóyá àwọn kan máa wá kí mi, mà.”

Obìnrin náà wò ó. Ó ní kó kó àwọn tó wà ní pálọ̀, àwọn tó ní tìmùtìmù, kó má kó ti ilé ìdáná. Alvah kó wọn gun àkàsọ̀ lọ sókè, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n yí ibùsùn ká. Ó ra bísíkíìtì, ó sì gbé e sójú fèrèsé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wò ó bí àlejò á ṣe wò ó. Yàrá náà dára lójú rẹ̀.

Wọ́n yan Gorham, ọmọkùnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi lu bọ́ọ̀lù. Alvah bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó padà sílé, ó kó àga sọ̀ kalẹ̀. Ìyáàfin Doak gbọ́ bí àga ṣe ń kọlu ara ògiri, ó gbójú sínú ìkòkò rẹ̀, kò béèrè. Ó fẹ́ fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ká ní ó jẹ́ aláriwo obìnrin kan ni, tó lè sọ pé “Ọmọ yìí, jókòó, kí ló ṣe ọ́?”, bóyá ìtàn yìí ì bá gba ibòmíràn lọ.

Láti ọjọ́ náà, Alvah kì í dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù méjèèjì ní ọdún tó kẹ́yìn, ó sì gbá wọn dáadáa, àmọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde nílé ìmúra. Ó ti gbà pé nǹkan kan wà lára òun tí àwọn èèyàn ń rí tí wọ́n fi ń yẹra. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ láàrin ara wọn pé òkìkí ti gun Ruckman, ó ti ga ju àwọn lọ.

Ó padà sí Nebraska. Ó ń ta irúgbìn àti ohun èlò oko nínú ìlú kékeré kan tí afẹ́fẹ́ kì í sinmi. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan wà, Cora Beale, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń wá ra irúgbìn òdòdó ju iye tí ọgbà rẹ̀ lè gbà lọ. Gbogbo ìlú mọ ohun tó ń wá. Alvah nìkan ló rò pé obìnrin tó dára báyìí kò lè ṣaláì ní ẹnì kan níbì kan. Ó ń di irúgbìn fún un, ó ń ṣí fìlà fún un. Nígbà tó yá, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkùnrin tí kò lẹ́wà, tí kò mọ eré kankan, kàn bi Cora pé ṣé yóò fẹ́ òun, Cora sì gbà. Alvah fi àpò irúgbìn òdòdó ránṣẹ́ sí wọn. Ó ń jẹun alẹ́ pẹ̀lú rédíò.

Orí rẹ̀ ti funfun nígbà tí Wendover ránṣẹ́ pe àwọn eléré àtijọ́ wá síbi ṣíṣí pápá tuntun. Ó fi ìwé náà sábẹ́ àwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó mú un lọ ni pé ó ṣì ń fẹ́ mọ̀. Kí òun tó kú, kí ẹnì kan sọ fún òun, àní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó burú, pé ohun báyìí ni wọ́n rí lára òun.

Wọ́n ta àtíbàbà sórí koríko fún oúnjẹ ọ̀sán, tábìlì àgbésáyà lápá kan, tábìlì onígi lápá kejì. Alvah dúró sáàárín méjèèjì, ó gbé báàgì rẹ̀ dání. Ọkùnrin ńlá kan, oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀, rìn wá bá a.

“Ruckman! O ṣì gùn bí òpó wáyà! Prentiss ni mí, má wo ikùn.”

“Mo mọ ohùn ẹ kí n tó rí ikùn.”

“Ó dáa, máa bọ̀ níbí. Àbí àwọn onígi lo tún ń bá lọ? Gbogbo ìgbà lo máa ń já wa sílẹ̀ nítorí wọn.”

Hobart Tansey gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì kejì. Ó ti di dókítà eyín. Ó gbé ọwọ́ oníka wíwọ́ rẹ̀ sókè.

“Já ta ni sílẹ̀? Prentiss, ṣé o ò mu nǹkan kan lónìí? Ẹ̀yin lẹ ni Ruckman. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ̀ yín ló ń wà.”

“Lọ́dọ̀ wa? Nígbà wo? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tẹ yàrá mi rí! A ní ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ.”

“Ọ̀dọ̀ wa kẹ̀!”

Àwọn méjèèjì yíjú sí Alvah.

“Prentiss,” ó ní, “kí ló dé tí ẹ ò fi mí ṣe olórí?”

Prentiss nawọ́ sí Tansey àti tábìlì onígi. “Nítorí àwọn wọ̀nyí ni. A ní tiwọn ni ọ́, pé tó bá di ìgbà igi, wọ́n máa fi ọ́ ṣe olórí dandan. A ò fẹ́ já ọ gbà lọ́wọ́ wọn, kó má dà bí ọ̀kánjúwà. Èmi ò tiẹ̀ gbàgbọ́ nígbà tí Kóòṣì ka orúkọ mi.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Tansey?”

Tansey kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. “A ní tí àwọn tó bá ọ yí nínú ẹrẹ̀ ò bá fi ọ́ ṣe olórí, á jẹ́ pé ìwọ lo kọ̀ ọ́, pé o ti lọ sọ fún wọn ní bòókẹ́lẹ́ pé o ò fẹ́. O ń ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ ẹ, o ò ráyè. A ní kò dáa ká tún fipá mú ọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. A fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ọ ni.”

“Ẹ ò bi mí.”

“Irú ìyẹn, ṣé wọ́n máa ń bini?” Tansey ní.

Prentiss ti fìdí kalẹ̀ sórí àga, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ọdún yẹn, màmá mi ní kí n mú ọ wálé. Ó ní, ọmọ Nebraska tó ta bọ́ọ̀lù wọlé yẹn, níbo ló máa ti jẹun? Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, ọ̀dọ̀ Tansey ló wà.”

“Ọ̀dọ̀ mi? Mo rò pé ọ̀dọ̀ yín…” Tansey kò lè parí rẹ̀.

“Níbo lo ti jẹun, Ruckman?” Prentiss béèrè.

“Nílé ìdáná Ìyáàfin Doak. Èmi nìkan ni.”

Alvah rò pé òun máa bínú, àmọ́ ìbínú kò wá. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ń wá àbùkù kan lára ara rẹ̀ kiri, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì, kálukú ń rò pé ẹnì kejì ló ń gbádùn rẹ̀. Ó dùn ún ju bí ì bá ṣe dùn ún ká ní wọ́n kórìíra rẹ̀.

“Ilé mi ló ń sùn lónìí,” Prentiss ní, ó dìde fùù. “Mọ́tò mi wà níta. Ìyàwó mi á se nǹkan.”

“Ilé tìẹ dà? Ilé tèmi ló wà lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí!”

“Màmá mi ti pè é ṣáájú ọ!”

“Màmá ẹ ti kú, Prentiss!”

“Ó pè é kó tó kú!”

Àwọn àgbàlagbà méjì yìí ń jà lé e lórí bí ọmọdé tó ń jà lé bọ́ọ̀lù. Alvah kò rí irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ pé kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kó gbé báàgì rẹ̀ lé èyíkéyìí nínú wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó nílé ẹni tó fẹ́ràn ẹni. Kò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ tí ẹnu rẹ̀ fi sọ ọ́.

“Ẹ má ṣèyọnu,” ó ní. “Mo ti ní ibi tí mò ń dé sí.”

Ariwo náà dáwọ́ dúró lójijì. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

“Ó dáa, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀,” Prentiss ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “A ò ní dí ọ lọ́wọ́.”

“Kò burú, Ruckman,” Tansey ní.

Wọ́n ṣí fìlà fún un. Ó ṣí tirẹ̀ náà, ó gbé báàgì, ó sì gba ojú ọ̀nà ìbùdókọ̀ ojú irin lọ nínú oòrùn ọ̀sán. Ó rọra ń rìn, kó má bàa jìnnà jù tí ẹnì kan bá fẹ́ pè é padà. Wọ́n dúró síbẹ̀ wò ó títí ó fi yà. Prentiss ní inú òun dùn pé ó kéré tán, ó rí àwọn èèyàn rere tó ń gbà á sílé lóde òní. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Nebraska kò ní dé títí di ọjọ́ kejì, Alvah kò sì mọ ẹnikẹ́ni mìíràn ní ìlú náà.